Ta Ló Ni Abẹ́rẹ́? Ìtàn Rírán Aṣọ Ara Ẹni Nílé

Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka wa wọ dàńṣíkí kan wá sí kíláàsì. Ó bá a mu gan-an ni. Èjìká jókòó síbi tó yẹ, ọrùn kò fẹ̀ jù, kò sì fún un. A bi í pé ta ni télọ̀ rẹ̀, ó ní òun fúnra òun lòun rán an, nínú yàrá òun ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Àṣé o ti di Ìyá Aránṣọ!" Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ obìnrin ni ọ̀gbẹ́ni lọ kọ́ yẹn, kó yáa máa múra sílẹ̀ de ọkọ. Òun náà bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tún rí dàńṣíkí yẹn lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

Èmi tí mò ń kọ èyí wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, máṣíìnì ìránṣọ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi náà, tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bàbá mi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé òun kò san owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ọmọ òun lè wá di télọ̀.

Ìtìjú ẹ̀rín yẹn ló gbé mi dé ilé-ìkàwé. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀: ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ di ti obìnrin láàárín wa, ìgbà wo ló sì di ohun ìtìjú fún ẹni tó kàwé láti jókòó sílé rán aṣọ ara rẹ̀?

Ní mùsíọ́mù kan ní ìlú Ulm, ní ilẹ̀ Jámánì, ẹ̀wù méjì wà tí wọ́n gbé wá láti Àlàdá, ìlú tó wà ní ilẹ̀ Benin lónìí. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann ló kó wọn jọ pẹ̀lú àwọn ohun mèremère mìíràn, ìwé tó fi to ẹrù rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sì jáde ní 1659. Wọ́n wà lára ẹ̀wù rírán tó pẹ́ jù lọ tó ṣì kù láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọdún ṣáájú kí àwọn ajíhìnrere tó wá dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Hugh Clapperton náà dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ẹ̀wù òwú ńlá méjì ló bá lọ́rùn Aláàfin, ọ̀kan lórí èkejì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òyìnbó ló fi abẹ́rẹ́ hàn wá, kó lọ tún ìwé kà.

Ta ló wá ń rán irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin ni. Obìnrin ń hun aṣọ, orí òfì tó dúró sára ògiri ni wọ́n ti ń hun kíjìpá tó fẹ̀. Ọkùnrin náà ń hun tirẹ̀ lórí òfì olókùn gígùn tó tẹ́ lọ sílẹ̀, èyí tí aṣọ rẹ̀ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ká gé aṣọ ká sì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, pàápàá iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń fi òwú ṣe sí àyà agbádá, ọwọ́ ọkùnrin ló wà. Ọ̀nà Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà gbà wọlé, pẹ̀lú òwò àti ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé aṣọ, ẹnu Hausa la ti yá orúkọ rẹ̀. (Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àwa la ni ọ̀rọ̀ yẹn látilẹ̀, àfi ìgbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ àyálò nínú ẹ̀kọ́ wa.) Samuel Johnson, nínú The History of the Yorubas tó parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ka ẹ̀wù ọkùnrin lóríṣiríṣi, agbádá, dàńdógó, sùlíyà, gírìkẹ́, kó tó wá bọ́ sórí ṣòkòtò. Ti obìnrin kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí aṣọ ríró ló pọ̀ jù nínú tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí agbádá. Aṣọ òfì ọkùnrin kì í sábà fẹ̀ ju ínṣì 4 sí 6 lọ. Aránṣọ á tò ó mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi ọwọ́ rán an pọ̀, títí yóò fi fẹ̀ tó bó ṣe fẹ́. Iye òfì tí wọ́n tò pọ̀ ló ń sọ bí ẹ̀wù ṣe fẹ̀ tó. Kò sẹ́ni tó ń wọn ìbàdí nítorí agbádá. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni yóò ká a sí èjìká títí yóò fi bá a lára mu, bí obìnrin ṣe ń fa ìró fún ara rẹ̀ bó bá sanra, tó sì ń dẹ̀ ẹ́ bó bá yó. Bàbá lè kú kí ọmọ jogún ẹ̀wù rẹ̀, kí ẹ̀wù náà má sì jẹ́ ti ẹlòmíràn lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà bá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, irú aṣọ tó ń pẹ́ láyé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ní 1846 ni àwọn ajíhìnrere CMS, tí Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther wà lára wọn, fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Ní 1853, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn, Kúdẹtì sì ni wọ́n wá kọ́lé sí. Lára àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sọ́dọ̀ ni Yéjídé àti Akínyẹlé, ọmọ Olúńlóyọ̀, olóyè Ìbàdàn. Nínú ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ Anna ṣe, tó jáde ní 1872 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a ó rí i pé abẹ́rẹ́ kò gbẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Lójú wọn, onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ rírán, ọmọbìnrin tí a tọ́ dáadáa sì ni ẹni tó lè rán ti ọkọ àti tọmọ. Àwọn Sàró tó ń padà wálé láti Sierra Leone náà gbé gáùn tiwọn bọ̀. Ní 1869, CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ obìnrin sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí St. Anne's ní Ìbàdàn ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí. Ìwé kíkà wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀.

Ibí yìí ni abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀ méjì. Ọkùnrin aránṣọ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níta, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Ọmọbìnrin tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ń rán aṣọ nínú ilé, èyí sì di àmì pé ó lajú, pé ilé rere ni wọ́n ti tọ́ ọ.

Gáùn ló tún mú ìwọ̀n ara dé. Gáùn ní àyà, ó ní ìbàdí, ihò apá rẹ̀ sì tẹ̀ roboto. Bí o bá gé e tóbi, ó di aṣọ́komásùn. Bí o bá gé e kéré, kò ní kọjá orí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ níbẹ̀ yẹn. Téèpù wá di nǹkan ọrùn fún ẹni tó ń rán aṣọ, ínṣì sì bá a dé. Títí dòní, tí wọ́n bá ti fi mítà kọ́ wa ní gbogbo ẹ̀kọ́ ìṣirò tán, a dé ọ̀dọ̀ télọ̀ a tún padà sí ínṣì.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi kọ gáùn àti kóòtù sílẹ̀. David Brown Vincent di Mọjọlá Agbébí ní 1894, aṣọ ilẹ̀ wa ló sì ń wọ̀ káàkiri. Èyí tó wù mí jù ni ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ó lọ sí Wincham Hall College ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó padà dé ní 1922, aṣọ rírán sì wà lára ohun tó kọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú orin àti èdè Faransé. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1940, tí òun àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń ja ìjà owó orí, ó ti kó gáùn tì, ó di ìró àti bùbá. Obìnrin tó mọ bí a ṣe ń gé gáùn lọ́nà tí wọ́n ń gbà gé e ní ìlú òyìnbó ló mọ̀ọ́mọ̀ yan aṣọ tí a kàn ń ró. Mo rò pé àìmọ̀ kọ́ ni ẹnikẹ́ni lè pe ìyẹn.

Ní ti máṣíìnì, Isaac Singer gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1851. Kì í ṣe bí irin náà ṣe lágbára tó nìkan ló tàn án káyé. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní àwìn, kí oníbàárà máa san án díẹ̀díẹ̀. Ní 1863, Ebenezer Butterick, télọ̀ kan níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà tí wọ́n ti gé ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, kí ìyàwó ilé lè tẹ́ ẹ lé orí aṣọ kó sì gé e. Bébà yẹn ló sọ aṣọ rírán nílé di ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi gbafẹ́ lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ wa, máṣíìnì dé, ṣùgbọ́n bébà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Téèpù, ẹfun àti ojú la fi ń ṣe é. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gé, orí aṣọ gan-an ni yóò ti fàlà, á gbé àlùmọ́gàjí, ó tán.

Máṣíìnì náà tẹ̀lé ìlà tí abẹ́rẹ́ ti là sílẹ̀. Níta, ọkùnrin ló pọ̀ nídìí rẹ̀: télọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti ọ̀bíọmà tó ń gbé máṣíìnì lé èjìká kiri àdúgbò, tó ń fi àlùmọ́gàjí dún kí á lè mọ̀ pé òun ń kọjá lọ. Nínú ilé, ìyá ló ni ín.

Ìyá ìyá mi jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, òun sì wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí Modern School ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ní kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ rán aṣọ fún odidi ọdún kan kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan máṣíìnì. Kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan, kò ṣe fírídọ̀mù, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Síbẹ̀, yunifọ́ọ̀mù ọmọ mẹ́fà, kọ́tìnì ilé, bùbá tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni máṣíìnì ọlọ́wọ́ yẹn rán. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní télọ̀, inú á bí i. "Èmi kì í ṣe télọ̀ o. Tara mi ni mò ń rán."

Mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn láti kékeré, n kò sì ronú lé e lórí rí, àfi ìgbà tí mo ka gbogbo èyí tán. Ìyàtọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ dá sílẹ̀ láàárín ẹni tó ń rán aṣọ fún owó àti ẹni tó ń rán an nítorí pé ó lajú, òun ni ìyá àgbà ń sọ. Ọ̀rọ̀ bàbá mi náà, ibi kan náà ló ti wá. Bàbá mi kò kórìíra aṣọ rírán. Àdúgbò tí aṣọ rírán lè gbé mi lọ ló ń bà á lẹ́rù.

Ọdún òmìnira, 1960, ni Ṣadé Thomas-Fahm padà dé Èkó láti London. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló torí rẹ̀ lọ, aṣọ ló kọ́ bọ̀. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó fi síìpù sí ìró, ó ta gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ kí obìnrin tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ lè dé e lórí bíi fìlà. Àwọn kan á ní ó ba àṣà jẹ́. Lójú tèmi, ó gbé ìwọ̀n ara wọ inú aṣọ tí kò ní ìwọ̀n tẹ́lẹ̀, ó sì sọ aṣọ rírán di iṣẹ́ tí ọmọ tó lọ sókè òkun lè fi yangàn.

Nígbà tó di 1986 tí SAP dé, tí náírà já lulẹ̀, bòsíkọ̀rọ̀ gba ọjà. Ó wá rọrùn láti ra ṣẹ́ẹ̀tì àlòkù ju kéèyàn ra yáàdì aṣọ, òwú àti bọ́tìnì lọ. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lásìkò yẹn. Ti ìyá àgbà náà wọ̀ ọ́.

Ní 2022 tí ìyanṣẹ́lódì gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wa, mo wà nílé láìní iṣẹ́ kan pàtó. Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo gbé aṣọ ẹbí fún télọ̀ kan. Ó fi "ọ̀la, ọ̀la" ṣeré pẹ̀lú mi títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ìnáwó gan-an. Nígbà tí aṣọ dé, apá kan gùn ju èkejì lọ, ẹ̀yìn sì fún mi débi pé n kò lè na ọwọ́ gba jọ̀lọ́ọ̀fù. Mo sunkún dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ìwọ ò lọ́wọ́ ni?"

Bí a ṣe fa máṣíìnì jáde nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ti fẹ́ tà á fún àwọn onírin tó ń kiri, ọlọ́run ló yọ ọ́. A fi kẹrosíìnì fọ ìdọ̀tí inú rẹ̀, a rọ epo sí i, ó sì yí.

YouTube ni mo kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀gá. Mo wọn àyà, mo wọn ìbàdí, mo wọn láti èjìká dé àárín àyà, mo fi ínṣì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo gé bùbá mi, mo gé ihò apá roboto, mo tún fún un lábẹ́ àyà kó lè mú mi lára. Mo wọ̀ ọ́ lọ bá ìyá àgbà. Ó ní, "Bùbá ta nìyí? Bùláòsì lo rán." Ó wọ yàrá, ó mú ògbólógbòó bùbá rẹ̀ kan jáde, ó ní kí n tú u.

Mo fi bíléèdì tú u fún ọ̀sán kan gbáko. Kò sí ojú rírán lórí èjìká rárá, nítorí pé aṣọ kan ṣoṣo ni iwájú àti ẹ̀yìn, ó kàn ká a sí méjì ni. Apá méjèèjì jẹ́ aṣọ onígun mẹ́rin, ó sì rán wọn mọ́ ara bùbá gbọọrọ láìgé kọ́nà kankan. Èyí tó gé kúrò lọ́rùn, kò sọ ọ́ nù, òun ló fi tẹ́ inú àpò kékeré kan tí wọ́n ń fi owó sí. Nígbà tí mo to gbogbo rẹ̀ padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di odidi aṣọ padà, àfi ihò ọrùn. Mo jókòó, mò ń wò ó. Agbádá tí wọ́n fi òfì tò pọ̀ ni mo rí níbẹ̀: ẹni tó mọ ìyà tí èèyàn jẹ kó tó hun aṣọ, kò ní gé e sọnù nítorí ihò apá.

Mo bi í pé ínṣì mélòó ni gígùn rẹ̀. Ó ní òun kò fi ínṣì gé bùbá rí, ìgbọ̀nwọ́ kan àti ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ni. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo mú téèpù, mo wọn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, mo wọn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sọ wọ́n di ínṣì, mo gé aṣọ mi. Bùbá náà gùn jù fún mi. Ìyá àgbà ga, èmi kúrú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìgbọ̀nwọ́ ta lo fi wọ̀n ọ́n?"

Ẹni tí yóò wọ bùbá ló ni ìgbọ̀nwọ́. Ẹni tó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn, bùbá rẹ̀ á gùn. Ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú, tirẹ̀ á kúrú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tún ohun tí mo rò nípa ìtàn yìí rò. Mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé gáùn àti téèpù ló mú aṣọ àwọ̀n-rán dé, pé ṣáájú ìgbà yẹn a kàn ń wọ ohun tó bá fẹ̀ ni. Agbádá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bùbá ìyá àgbà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ara ẹni fúnra rẹ̀ ni téèpù.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo ṣe Home Economics fún ọdún mẹ́ta. Mo lè ya àwòrán máṣíìnì kí n sì dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ya bùláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì sórí bébà. Ìlà kan kò sí níbẹ̀ nípa bùbá, nínú kíláàsì tí gbogbo ìyá wa ń wọ bùbá lọ sọ́jà. Kí ẹ má sì rò pé àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá sàn jù. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi kan pé kí ni a ń pè ní ibi tí a ṣẹ́ wọ inú létí aṣọ. "Hem," ni wọ́n wí. Ẹnì kan ṣoṣo ló rántí ìṣẹ́tí. Àwa tí a lè to oríkì ìran mẹ́ta láìmí!

Mo ti ra ìwé kan báyìí, inú rẹ̀ ni mò ń kọ ohun tí ìyá àgbà bá sọ sí. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mò ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́ bí mo bá lọ sílé, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ṣì mọ ibi tí aṣọ ti wọ́ láìwò ó.

Mo sì ti jẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ mi oní dàńṣíkí. Ó kọ́kọ́ bínú pé mo wà lára àwọn tó fi òun ṣẹlẹ́yà. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè bóyá máṣíìnì mi lè rán aṣọ òfì, torí pé tirẹ̀ kéré, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́ bó bá ti kan aṣọ tó ki. Mo ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní agbádá bàbá bàbá òun ni, èjìká rẹ̀ ti tú, wọ́n sì ti ní kí òun gbé e fún télọ̀.